Àníkẹ́ mi, kí o tó wọ wọ́ọ̀dù

Àníkẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ní ọdún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis wà ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Vienna. Ó rí i pé ẹ̀ka tí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń gbẹ̀bí ni àwọn abiyamọ ti ń kú jù, ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ. Ibi tí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń la òkú ni wọ́n ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kiloríìnì fọwọ́, ikú sì dínkù gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ wà nínú wọn, kò sì sí èyí tó gbèrò ibi. Ohun tó máa ń dùn mí jù nìyẹn.

Fọwọ́ kí o tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn tí o bá fi í sílẹ̀, kí o tó tọ́jú egbò, àti bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá kàn ọ́. Èyí tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ni ìgbà tí ẹ bá kan bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí nìkan, tí ẹ ní ẹ ò kan aláìsàn. Fọwọ́ nígbà náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ sanitáísà, fi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 pa á. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ àti omi, 40 sí 60. Má sì jẹ́ kí ìbọ̀wọ́ tàn ọ́. Bí o bá wọ ẹyọ kan lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ìwọ ni ò ń ru àrùn kiri.

Bí o bá fẹ́ fún èèyàn lóògùn, má bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Báyìí?" Ẹni tí oorun ń kùn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín?" ni kí o bi wọ́n, kí o sì fi wé ìwé wọn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo wà nípò rẹ, mo fẹ́ dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí mo ti lò, ó sì gún mi ní àtàǹpàkò. Ojú tì mí. Mo bẹ̀rù ọ̀gá wa, mo fọ ọwọ́, mo dákẹ́. Oṣù púpọ̀ ni mi ò fi sùn dáadáa. Ọlọ́run yọ mí. Àníkẹ́, oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe tètè yá tó ló ṣe dáa tó. Ìtìjú ni mo fi gba ààyè yẹn lọ́wọ́ ara mi.

Má dé abẹ́rẹ́ padà. Jù ú sínú àpótí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má sì fi kún èyí tó ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bó bá gún ọ, má fún ojú ibẹ̀. Fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kí o sọ fún ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà gan-an. Bí wọ́n bá bá ọ wí, jẹ́ kí wọ́n bá ọ wí.

Gé èékánná rẹ. Fi òrùka sílé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) ńkọ́, ṣé o ti gba ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ya fọ́tò káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ