Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà Sẹ̀gilọlá

Sí Olóòtú,

Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí, ó sì dùn mí pé ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni wọ́n pín lítíréṣọ̀ sí, bí ẹni pé odi wà láàárín wọn. Ní Èkó wa yìí, láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà sí olóòtú, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láyé ní tòótọ́. Ṣé lẹ́tà ni, àbí ìtàn àròsọ? Ìbéèrè yìí gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó há ìtumọ̀ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kankan sórí.

Òbí kan, Yaba, Èkó