Ẹ Yé Ti Ọwọ́ Bọ Ihò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣọdẹ,

Ìka méjì ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹran tó yìnbọn bà ló sá wọ ihò. Òun náà kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ni ejò bá bù ú jẹ. Ta ló sọ fún un pé ẹran nìkan ló ń gbé inú ihò?

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Ibi tí ojú ò bá tíì dé, kí lọ́wọ́ ń wá níbẹ̀? Abẹ́ òkúta, ìdí kùkùté, òkìtì ewé gbígbẹ, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Igi ńlá tó bá dábùú ọ̀nà, ẹ má kàn fò ó: ẹ gun orí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sáré yẹ̀ fún èèyàn. Á ká jọ síbi tó wà, ara rẹ̀ á sì jọ ewé débi pé ẹ ó tẹjú mọ́ ọn, ẹ ò ní rí i. Bàtà tó ga dé ojúgun, ṣòkòtò tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì lóru, ṣé ìyẹn náà ṣòro ni? Ẹ lówó ìbọn, ẹ ò lówó bàtà!

Èmi náà ti ṣe wèrè rí. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pa paramọ́lẹ̀, tí a gé orí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí òun la ẹnu rẹ̀, kí n lè rí eyín oró. Orí tí a ti gé yẹn ló bù ú jẹ. A ò mọ̀ pé ó ṣì lè géni jẹ lẹ́yìn tí ara ti já kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Ni mo bá fi okùn di apá rẹ̀ pinpin, mo fi ọ̀bẹ ya ojú ọgbẹ́, mo tún fẹnu fà á. Kò sí èyí tó yẹ kí n ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yè, àmọ́ apá yẹn ò gbé nǹkan mọ́. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá oró ló bà á jẹ́ ni àbí okùn mi.

Nítorí náà, ẹ gbé okùn jù sílẹ̀. Ẹ yọ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú, ẹ fi igi ti ibi tí ejò bù jẹ kó má baà máa mì, kẹ́ ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ síbi tí abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò wà. Kí ẹ tó wọ igbó ni kí ẹ ti mọ ibẹ̀. Ẹ má lé ejò náà kiri. Ẹ má dá ọdẹ ṣe o! Bí sèbé bá tu oró sí yín lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iye èèyàn tí ejò ń pa lọ́dọọdún láyé tó 81,000, ó sì lè dé 138,000. Ẹ̀yin rò pé àwọn yẹn ò gbọ́n tó yín?

Ihò yẹn ṣáà ni ò kúrò lọ́kàn mi. Lánàá, mo lọ wo ọmọ náà lórí ibùsùn. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sórí ìrọ̀rí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹran yẹn ṣì wà níbẹ̀?"