Lẹ́tà sí Bọ́lájí nípa àwọ̀ àwọn fọ́ńgáì

Bọ́lájí ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé. O béèrè ohun tí mo rí lára fọ́ńgáì, ìdílé tí olú wà nínú rẹ̀, tí n kò fi lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Àwọ̀ wọn ni.

Wo Aspergillus nidulans. Àwọ̀ ewé ni hóró kéékèèké tó fi ń tàn kálẹ̀ ní. Bí jíìnì kan (àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tí wọ́n ń pè ní yA bá bàjẹ́, hóró náà á di ìyeyè. Bó bá ṣe jíìnì wA ló bàjẹ́, funfun báláú ni. Bí méjèèjì bá wá bàjẹ́ pọ̀ ńkọ́? Funfun náà ni. wA ló ń pèsè aró ìyeyè, ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń yí nǹkan padà nínú sẹ́ẹ̀lì) tí yA ń ṣe ló sì ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Bí orísun bá ti gbẹ, kí ni odò fẹ́ gbé?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé bí oníyeyè àti funfun bá bímọ, àwọ̀ ewé á tún yọjú láàárín àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ òbí kankan kò ní i. Ohun tó bàjẹ́ lára ọ̀kan ṣì pé lára èkejì. Orí krómósómù (okùn tó ru àwọn jíìnì) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni jíìnì méjèèjì wà, nítorí náà bí ìdá kan nínú mẹ́rin á jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdá kan á jẹ́ ìyeyè, ìdajì yòókù á funfun. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ti jíìnì kọ̀ọ̀kan ni hóró kan ní, kò sí èyí tó lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Àwọ̀ yìí wúlò gan-an fún Pontecorvo, onímọ̀ nípa àjogúnbá, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Glasgow, kí ẹnikẹ́ni tó lè ka DNA rárá.

Má sì rò pé ẹwà lásán ni o. Aspergillus fumigatus, ìbátan rẹ̀, máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí agbára ara wọn ti dínkù jẹ́. Jíìnì mẹ́fà tó wà nítòsí ara wọn ló ń ṣe mẹ́lánìn, aró tó bo hóró rẹ̀. Bí pksP, ọ̀kan nínú wọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bá bàjẹ́, hóró á funfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á sì túbọ̀ rí i pa. Lára eku, àìsàn tó ń fà kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Orí Neurospora crassa, fọ́ńgáì mìíràn, ni mo wà báyìí. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń jí àwọn jíìnì aró ọsàn rẹ̀, jíìnì wc-1 ló sì ń ṣe ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Bí wc-1 bá bàjẹ́, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ara rẹ̀ á wà ní funfun nínú ìmọ́lẹ̀, àmọ́ hóró rẹ̀ ṣì máa ń ní àwọ̀ ọsàn! Kọ èrò rẹ ránṣẹ́ sí mi: kí ló ń pàṣẹ fún hóró náà?

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnmi