Omi Ni Kí O Bẹ̀rù, Kì Í Ṣe Òtútù

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ìdúró ni mo wà tí mo fi kà á tán, n kò tilẹ̀ rántí bọ́ bàtà tí mo wọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ. O ti ra gúùsì! Akọ kan, abo méjì! Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn yìí. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́ díẹ̀. O ní òtútù ti dé tán, ilé kan ṣoṣo lo sì ní fún adìyẹ mẹ́wàá, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà àti àwọn mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. O bi mí bóyá kí o gbé iná ìmóoru síbẹ̀ nítorí àwọn gúùsì. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ la ìgbà òtútù já, n kò sì fẹ́ kí o fi adìyẹ rẹ kọ́ ọgbọ́n tí mo fi tèmi kọ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi náà rò pé gúùsì ni òtútù máa pa. Mo dí gbogbo ihò ilé náà pa, mo fi ọ̀rá bo fèrèsé, mo kó gbogbo wọn sínú rẹ̀ kí ooru ara wọn lè máa mú ilé náà móoru. Mo tún gbé ọpọ́n omi ńlá kan sáàárín, torí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹyẹ omi kì í wà láìsí omi. Mo rò pé oore ni mo ṣe wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ́pẹ́yẹ àti gúùsì ti fi omi náà wẹ̀, wọ́n ti da ìyókù sílẹ̀, pòròpórò gbígbẹ tí mo tẹ́ ti di ẹrẹ̀. Omi ń kán tó, tó, tó láti abẹ́ òrùlé. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn ìgbẹ́ wọn ta mí lójú títí omi fi jáde. Ní ọjọ́ kẹrin, ṣóńṣó orí ogbe àkùkọ mi ti dúdú. Òtútù ti jẹ ẹ́. Àwọn gúùsì tí mo torí wọn ṣe gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Wọ́n dúró sínú ẹrẹ̀, ara wọn yá gágá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé omi ni ká bẹ̀rù, kì í ṣe òtútù. Adìyẹ tó ti hu ìyẹ́ tán, tó ń jẹun yó, tí ilẹ̀ tó wà sì gbẹ, máa ń fara da òtútù gan-an. Ọ̀rinrin ló ń ṣe é léṣe. Èémí wọn, ìgbẹ́ wọn, omi tí wọ́n dà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di oru, á gòkè. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, á padà wá bà lé ogbe àti ìka ẹsẹ̀ wọn, ibẹ̀ á sì dì. Nítorí náà, má ṣe dí ihò òkè. Jẹ́ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lábẹ́ òrùlé, kó ga ju orí adìyẹ tó bà sórí igi lọ, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba òkè wọn kọjá láì fẹ́ lù wọ́n. Ti ìsàlẹ̀ nìkan ni kí o dí. Ní ti iná ìmóoru, mo bẹ̀ ọ́, gbàgbé rẹ̀. Pòròpórò gbígbẹ, eruku ìyẹ́, ẹyẹ tó ń fò sókè lóru: ẹ̀ẹ̀kan péré ni iná náà nílò láti já bọ́.

Ara gúùsì yàtọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Lábẹ́ ìyẹ́ tí o ń rí, ìyẹ́ mìíràn wà tó rọ̀ bí òwú. Ní ìdí ìrù wọn, òróró kan wà tí wọ́n ń fi ẹnu họ, tí wọ́n ń fi pa gbogbo ara, kí omi má baà wọlé. Ẹsẹ̀ wọn ló yà mí lẹ́nu jù lọ. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ fara ti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù padà sókè, èyí tó ń lọ á ti fi ooru rẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń tutù, inú ara kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi máa rí i tí wọ́n á jókòó sórí òjò dídì, tí wọ́n á ki orí bọ abẹ́ apá, tí wọ́n á sì sùn. Má sáré lọ gbé wọn wọlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ògiri tó lè gba afẹ́fẹ́ dúró fún wọn, òrùlé lórí wọn, àti pòròpórò tó nípọn nílẹ̀ kí wọ́n má baà dúró lórí yìnyín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Alẹ́ nìkan ni kí o tì wọ́n mọ́lé nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Òtútù kì í dí i lọ́wọ́ ọdẹ.

Àwọn àgbà ní òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Òtútù lè kó tìrẹ náà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n sun ojú kan. Adìyẹ ń bà sókè, gúùsì àti pẹ́pẹ́yẹ ń sùn nílẹ̀, ohun tó bá sì já láti òkè, orí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń bọ́ sí. Fi pákó tàbí àwọ̀n là á láàárín. Níbi tí adìyẹ ń bà, pákó pẹlẹbẹ ni kí o lò, tó fẹ̀ tó íńsì 4, kí adìyẹ lè fi ikùn bo gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Omi wá ńkọ́? Ìta ni kí ó wà. Bí kò bá sí oúnjẹ nínú ilé lóru, wọ́n lè wà láìsí omi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi a máa gbé garawa rọ́bà omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án àti kí oòrùn tó wọ̀. Rọ́bà ni kí o rà, torí bí omi bá dì nínú rẹ̀, o lè dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí o fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yìnyín á jáde láìjẹ́ pé garawa fọ́. Kó jìn débi tí gúùsì á fi lè ki gbogbo orí bọ̀ ọ́, nítorí omi ni wọ́n fi ń fọ ojú àti ihò imú. Bí wọn kò bá rí i ṣe, ipin á bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lójú. Lúwẹ̀ẹ́ kò pọn dandan nígbà tí òtútù bá le. Gbé garawa náà sórí òkúta wẹ́wẹ́ kí omi tó bá dà lè rí ibi wọ̀, kó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé. Gúùsì wúwo, bí ó bá yọ̀ lórí yìnyín, itan rẹ̀ lè yẹ̀. Iyanrìn ni mo máa ń da sójú ọ̀nà. Ti adìyẹ, ohun ìmumi tí ẹnu rẹ̀ kéré ni kí o gbé kọ́ sókè, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ kò ti ní lè fi ṣeré.

Oúnjẹ kò le tó bẹ́ẹ̀. Koríko ni gúùsì ń jẹ, bí òjò dídì bá ti bo ilẹ̀, koríko gbígbẹ tó ṣì ní ewé lára àti kábéèjì ni kí o fún wọn, pẹ̀lú oúnjẹ ẹyẹ gidi. Má fi oúnjẹ àgbébọ̀ tó ń yé bọ́ gbogbo wọn. Èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ẹyẹ tí kò yé, ó sì ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Oúnjẹ kan tó bá gbogbo wọn mu ni kí o rà, kí o da ìkarawun lílọ̀ sínú àwo ọ̀tọ̀, èyí tó ń yé á lọ ṣa tirẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ àti gúùsì nílò fítámì tí wọ́n ń pè ní niacin ju adìyẹ lọ. Èmi a máa bu ìwúkàrà díẹ̀ lé tiwọn. Má gbàgbé òkúta wẹ́wẹ́ fún iwe wọn, nítorí òjò dídì ti bo èyí tó wà nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo fún kálukú, á máa dà nínú wọn lóru, ara wọn á sì máa móoru.

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìgbà òtútù ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ìyẹ́ á wú, adìyẹ á dà bí ẹni tó sanra, bẹ́ẹ̀ ló ń rù nínú. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti bà, máa fọwọ́ kan egungun àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá mú bí ọ̀bẹ, yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó lè jẹun láìsí ẹni tó ń lé e.

Nǹkan kan wà tí n kò fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Ẹyẹ omi inú igbó máa ń gbé àrùn adìyẹ kan tí wọ́n ń pè ní H5N1 (bird flu) kiri nígbà òtútù. Ara gúùsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìran rẹ̀ yìí, ní Guangdong nílẹ̀ Ṣáínà, lọ́dún 1996. Pẹ́pẹ́yẹ lè ní i kó má hàn lára rẹ̀, adìyẹ á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣe ìbòrí sórí oúnjẹ àti omi tí o gbé síta fún wọn, má fa omi adágún fún wọn, kí o sì ní bàtà kan tó jẹ́ ti ọ̀dọ̀ wọn nìkan. Bí ìjọba bá ní kí gbogbo ẹyẹ wọlé, kó wọn wọlé lọ́jọ́ náà. Bí méjì mẹ́ta bá kú lójijì, má fọwọ́ kàn wọ́n, pe dókítà ẹranko.

Tí ọjọ́ bá tún ti ń gùn sí i, akọ gúùsì tó ti ń ṣe jẹ́jẹ́ á yí padà. Á na ọrùn, á máa dún bí ejò, á máa ṣọ́ àwọn abo rẹ̀ nítorí ìgbà ẹyin wọn ti dé. Jẹ́ kí adìyẹ ní ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà sá. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ni kí o ṣọ́ jù. Bí abo rẹ̀ kò bá tó o, á máa gun adìyẹ, ohun tó fi ń gùn kò sì sí lára àkùkọ. Ó lè ya adìyẹ nínú. Báyìí ni mo ṣe pàdánù àgbébọ̀ pupa kan, èyí tó máa ń tẹ̀ lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ṣì ń dùn mí. Yà wọ́n sọ́tọ̀ kí o tó rí i, má dúró dìgbà tí o bá rí i.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn fún ọ kí n tó lọ jẹun. Adìyẹ mi kì í fẹ́ tẹ òjò dídì. Lọ́dún tó kọjá, ó bọ́ lóru títí ó fi mù mí dé orúnkún. Mo ṣílẹ̀kùn, adìyẹ tò sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó jáde. Ìyá gúùsì tó dàgbà jù jáde láti apá tiwọn, ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àyà ti òjò dídì síwájú, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí garawa. Ìgbà tí ojú ọ̀nà là tán, àwọn adìyẹ tò tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò yà sọ́tùn-ún, wọn kò yà sósì. Mo dúró sínú òtútù, mo ń wò wọ́n títí ọwọ́ mi fi kú.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Lọ́jọ́ tí òjò dídì bá kọ́kọ́ bọ́ lọ́dọ̀ yín, kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fẹ́ mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ