Ẹ̀sùn lórí áàpù owó àjẹṣẹ́kù tí a gbé fún yín ṣe

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa oníṣòwò Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ló ní kí n kọ̀wé yìí. Áàpù tí yóò máa ṣàkọsílẹ̀ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, tí yóò sì máa ṣírò èlé orí owó tí wọ́n yá, la gbé fún yín ṣe. Ẹ ní ìlànà Agile lẹ ó lò: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ ó máa gbé ohun tó ṣeé lò wá, a ó wò ó, a ó sọ tiwa, ẹ ó tún un ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára, a ò ní í purọ́ mọ́ yín. Àwọn ọmọ yín wá jókòó ti akápò wa lọ́jà, wọ́n rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, wọ́n sì ṣe áàpù náà kó lè gba àkọsílẹ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí nínú ìwé àdéhùn. Ojú ọjà ni wọ́n ti rí i.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò yọjú mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, fídíò á wọlé sórí WhatsApp, bíìlì á tẹ̀lé e. Lónìí ẹ pa àwọ̀ dà, lọ́la ẹ gbé bọ́tìnnì kúrò lápá òsì. Èlé owó yíyá ńkọ́? Ẹ ní ó di sprint tó kàn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni Iléyá ṣe ká wa mọ́. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí kí Ojúde Ọba tó dé: gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń ra aṣọ, àwọn tó fẹ́ yáwó sì ń pọ̀ sí i. Akápò tún fa bírò yọ. Ìyá kan tó ti san gbèsè rẹ̀ tán, áàpù ṣì ń pè é ní ajigbèsè. Díẹ̀ ló kù kó tú ìpàdé ká.

Ọ̀gá iṣẹ́ yín ní Agile kì í dá ọjọ́, pé àyípadà ló wà fún. Mo wá lọ ka ohun tí àwọn mẹ́tàdínlógún tó dá a sílẹ̀ ní Utah, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001 kọ. Kò gùn. Wọ́n ní sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ fún ìtẹ̀síwájú, àti pé kí ẹni tó ni òwò àti ẹni tó ń kọ kóòdù jọ máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọn ò sì ní kí ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ rárá. Ẹni tó ṣe apá owó yíyá ti fiṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ò sì rí ibi tí wọ́n kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

A ò ní í san bíìlì tó wà nílẹ̀ àfi tí akápò wa bá fi áàpù ṣírò èlé, tó sì bá ìwé rẹ̀ mu. Ẹ rán ẹni tó ń kọ kóòdù gan-an wá sọ́jà. Ẹ fi bọ́tìnnì sílẹ̀ ná. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ owó wa ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́