Ẹ má yọ ohùn kúrò nínú èdè tuntun yẹn o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ká ṣẹ̀dá èdè tuntun kan tí gbogbo Nàìjíríà á jọ máa sọ, kó má jẹ́ Yorùbá, kó má jẹ́ Haúsá, kó má jẹ́ Ígbò, ni mo fẹ́ dá sí. Èmi ò bá wọn jà rárá. Alex Igbineweka ti bẹ̀rẹ̀ Guosa láti 1965, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ látinú oríṣiríṣi èdè wa, àwọn ọmọ ìjọ kan nílẹ̀ Ìbíbíò náà sì ní Medefaidrin tiwọn láti àwọn ọdún 1930, wọ́n ní Ẹ̀mí ló fi hàn wọ́n, òun àti álífábẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ogún-ogún ni wọ́n sì ń kà bíi tiwa. Torí náà ẹ má pè é ní eré òyìnbó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré lọ ṣà, ṣé ká mú "omi" lọ́dọ̀ Yorùbá àbí ká mú "ruwa" lọ́dọ̀ Haúsá, ìjà á dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé wọn ò tíì mọ ìró àti ohùn, òkè àti ìsàlẹ̀, tí ẹnu gbogbo wa lè gbé.

Ẹ wo Toki Pona, èdè àtọwọ́dá kékeré kan tí Sonja Lang gbé jáde ní 2001. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́sàn-án péré, p t k s m n l w, àti j tó ń dún bíi "y" tiwa, fáwẹ̀lì márùn-ún, ó parí. Kò sí b, kò sí d, kò sí g. Ìdí nìyẹn tí "bona" tó yá lára Esperanto, èdè àtọwọ́dá mìíràn, fi di "pona", tí "domo" di "tomo", ìró ló pàṣẹ fún ọ̀rọ̀, bí ẹnu tiwa náà ṣe sọ bread di búrẹ́dì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bí ọgọ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù, ẹ so ó pọ̀ fúnra yín: "telo" ni omi, "nasa" ni wèrè, "telo nasa" wá di ọtí. Èyí dùn mọ́ mi gan-an.

Fáàdà Ìjọ Àgùdà kan ará Jámánì, Schleyer, tó ṣe èdè Volapük ní 1879 sí 1880, ó ní òun ò fẹ́ ni àwọn ará Ṣáínà lára, ló bá ń sá fún "r", ló tún wá kó ä, ö àti ü sínú ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹnu láyé ò lè pè, àánú apá kan nìyẹn jàre. Esperanto ti Zamenhof, 1887, sàn jù ú lọ, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ bí 900 ló fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ pe "scii" wò, "mọ̀" ló túmọ̀ sí, s-tsi-i, kí ẹ tó pè é tán ẹ ti fi fáwẹ̀lì sí i láàárín.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló yọ ohùn sílẹ̀, àwọn tiwa náà sì fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Kí ló dé? Yorùbá lóhùn, Ígbò lóhùn, Ẹ̀dó lóhùn, Ìbíbíò lóhùn, Haúsá pàápàá lóhùn bí wọn ò tiẹ̀ ń kọ àmì ẹ̀, Fulfulde ti àwọn Fúlàní ni ò ní. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: kọ́ńsónáǹtì mẹ́sàn-án pẹ̀lú fáwẹ̀lì márùn-ún bíi ti Toki Pona, sílébù 45 ni, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tẹ́ ẹ lè rí níbẹ̀ ò ju 2,025 lọ. Ẹ fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan sí i, ó di 8,100, ẹ ò sì kó ìró kankan wá láti ìta. Ẹ̀rín ló ń pa mí sí Sudre, ará Faransé tó fi do re mi fa sol la si ṣe èdè Solresol, "misol" ni rere, ẹ yí i po, "solmi", ó di burúkú, dò re mí yìí kan náà mà ni tíṣà fi kọ́ wa ní àmì ohùn!

Ohùn méjì ni màá mú o, torí Haúsá àti Ígbò ò ní ohùn àárín bíi tiwa, ká gbà bẹ́ẹ̀. Ká fi "gb" sílẹ̀ nítorí Haúsá, kí wọ́n fi ƙ wọn sílẹ̀ nítorí tiwa, ká yọ "ṣ" náà kúrò kí wọ́n yéé fi àwa ará Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí wá, lọ, jẹ, mu, rà, tà, àti ìkíni. Ibi tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni "o" àti "ẹ". Esperanto ní "vi" kan ṣoṣo fún bàbá àtọmọ, Ígbò náà ò ya àgbà sọ́tọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó máa fẹnu ara ẹ̀ pe ìyá ọkọ ẹ̀ ní "o"? Ẹni tó bá rí ọ̀nà sí i, kó kọ̀wé sí ojú ìwé yìí.

Èmi òǹkàwé yín láti Ìbàdàn