Ìkéde fún Ẹgbẹ́ Òǹkàwé: Ìwé Oṣù Yìí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú dédé ìwòyí. Animal triste la ó jọ kà, èyí tí Monika Maron, òǹkọ̀wé ará Jámánì, gbé jáde ní 1996. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà. Ìyá arúgbó kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá 90 ọdún lòun tàbí 100. Abẹ́ egungun dáínásọ̀ ní mùsíọ́mù Berlin ló ti pàdé Franz, ọkọ ẹlòmíì. Franz ti lọ tipẹ́. Awò ojú tó gbàgbé ni ìyá yìí gbé wọ̀ títí ojú tirẹ̀ fi bàjẹ́. Ìfẹ́ rèé àbí wèrè? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti jà díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ òpin ìwé náà fún ẹni tí kò tíì kà á débẹ̀.